Àlùmọ́gàjí Inú Aràn

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀, a kò sì fẹ́ kó kú sí wa nínú. Ọ̀rọ̀ aràn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Ní ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri, tí oníkálukú ń wá iṣẹ́ pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú wa wo tirẹ̀, aràn ló bá níbẹ̀. Kó tó kúrò nídìí ògiri, orúkọ ìnagijẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn. "Dókítà Aràn" ni wọ́n ń pè é láti ibẹ̀ dé búkà. Ẹnì kan ní kó jókòó jìnnà sí àwo ẹ̀bà òun. Ẹnì kejì bi í bóyá torí èyí ni bàbá rẹ̀ ṣe ń ta kòkó. Àwa náà rẹ́rìn-ín, kí a má parọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí kò sí ohun tí a lè kà, a ní kó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún wa. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀ tán, kò sí ẹni tó tún lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí a gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ohun tí a tún lọ kà kún un, la gbé wá fún yín yìí.

A mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Púpọ̀ nínú wa ló gba fọ́ọ̀mù pé dókítà la fẹ́ ṣe, tí wọ́n wá gbé wa lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹranko tàbí ti kẹ́míkà inú ara. Láti ọjọ́ náà la ti ń wo ẹ̀kọ́ wa bí ẹni tó yá ẹ̀wù wọ̀, tó ń retí ọjọ́ tí yóò bọ́ ọ dá olówó rẹ̀ padà. Àwọn àgbà sì ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni yóò bá wa bọlá fún un?

Èrò tiwa rè é. Ẹ̀kọ́ nípa bí aràn ṣe ń dàgbà, pàápàá nípa àwọn ẹ́ńsáìmù tó fi ń gé pròtéènì kó tó lè dàgbà, wà lára ẹ̀kọ́ tó lè ṣe àwọn ènìyàn wa lóore púpọ̀. Ó sì yẹ kí àwa tí aràn ń bá fínra wà lára àwọn tí yóò máa ṣe é, kí a má fi sílẹ̀ fún àwọn tí kò fojú kan aràn rí àfi nínú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà ní Ìbàràpá, kó bi í léèrè nípa sòbìà. Yóò sọ fún un bí aràn tó lè gùn tó mítà kan ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko, tí ọkọ́ á wà nílẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò ní lè dìde. Ìdèrè ní Ìbàràpá wà lára àwọn ìlú tí àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn ń lọ léraléra nítorí sòbìà ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn náà láti abúlé dé abúlé ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Lónìí, sòbìà ti di ìtàn ní ilẹ̀ wa. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in, ní Ìpínlẹ̀ Enugu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹ kíyè sí ohun tó lé e lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Ẹni tó mọ bí aràn náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé inú kòkòrò tíntìntín kan nínú omi ìkùdù ni ọmọ rẹ̀ ń gbé kó tó wọ ara ènìyàn. Nítorí náà, wọ́n pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n da oògùn sínú ìkùdù, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n sì kọ́ ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ pé kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi tí ará ìlú ń mu. Ìmọ̀ nípa ìdàgbàsókè aràn ni gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aràn ló ń gba ẹnu ọ̀nà tí a lè fi aṣọ dí. Ẹ wo aràn tó ń fa inárun àti ìfọ́jú etí odò. Eṣinṣin kékeré tó ń pamọ sí etí omi tó ń sáré ló ń gbé e kiri. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ọmọ aràn á wọlé, á dàgbà, á sì fi kókó abẹ́ awọ ṣe ilé. Níbẹ̀ ni abo aràn á ti máa bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí yóò máa rìn kiri abẹ́ awọ ènìyàn. Ara á máa yún un, awọ á máa ṣá, àwọn ọmọ aràn náà á sì dé ojú. Ìpínlẹ̀ Edo tí a ti ń kàwé yìí wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn rẹ̀ fún ará abúlé láti ọdún pípẹ́. Mectizan ni wọ́n ń pè é, ivermectin ni orúkọ oògùn inú rẹ̀. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tí àrùn náà ń bá jà, àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn bí oògùn náà, Satoshi Ōmura ọmọ Japan àti William Campbell ọmọ Ireland, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Oògùn náà ti gba ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn là. Ní 2025, orílẹ̀-èdè Niger di àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé àrùn náà ti dópin níbẹ̀.

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà. Àwọn ọmọ aràn ni ivermectin ń pa. Kì í pa ìyá wọn, ó kàn ń dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kó má bímọ. Ìyá aràn náà lè lo ọdún 10 sí 15 nínú ara. Ìdí nìyí tí gbogbo abúlé fi ní láti máa lo oògùn lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ láìtó àsìkò, àrùn náà á tún gbérí. Nítorí náà, ohun tí ayé ń wá ni oògùn tí yóò pa ìyá aràn, tàbí tí kò ní jẹ́ kí ọmọ aràn dàgbà rárá. Níbi yìí gan-an ni pírójẹ́ẹ̀tì tí a ń fi rẹ́rìn-ín ti wúlò.

Báwo ni aràn ṣe ń dàgbà? Aràn gbọọrọ kò ní egungun. Awọ rẹ̀ ni egungun rẹ̀, awọ náà ni aṣọ rẹ̀. Awọ ọ̀hún yi, pròtéènì tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kọ́lájìnì, irú èyí tó mú kí pọ̀nmọ́ yi lẹ́nu wa. Láti ìgbà tí aràn bá ti wà nínú ẹyin títí tó fi di àgbà, ìgbà 4 ló gbọ́dọ̀ bọ́ awọ, bí ejò ti ń bọ́ awọ. Bí èyí tó ń gbé inú erùpẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ti ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni sòbìà, bẹ́ẹ̀ ni aràn inárun. Awọ tuntun á kọ́kọ́ hù lábẹ́ ti àtijọ́, ti àtijọ́ á tú kúrò lára, lẹ́yìn náà ni aràn á yọ jáde nínú rẹ̀.

Kò lọ́wọ́ tí yóò fi fà á ya. Àlùmọ́gàjí tí ojú kò lè rí ló ń lò. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn àlùmọ́gàjí yìí. Ẹ fi ojú inú wo pròtéènì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín mọ́ okùn. Ẹ́ńsáìmù tó ń gé pròtéènì á wá ojú ibi tirẹ̀ lórí okùn náà, á gé e níbẹ̀, kì í gé ibi tó bá ṣáà ti rí. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti ní Glasgow ní Skọ́tíláǹdì kọ nípa ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní NAS-37. Bí ó bá ti ku bíi wákàtí mẹ́rin kí aràn inú erùpẹ̀ kan bọ́ awọ ni ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ẹ́ńsáìmù yìí, á sì kó o jọ sí awọ apá orí, níbi tí awọ yóò ti ṣí. Aràn tí NAS-37 rẹ̀ bàjẹ́ kì í lè bọ́ awọ tán. Awọ àtijọ́ á há mọ́ ọn lára, á máa wọ́ ọ lẹ́yìn kiri. Wọ́n tún gbé NAS-37 náà sórí awọ aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ àti àgùntàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ náà ní òrùka yípo orí, gẹ́gẹ́ bí aràn náà ti ń ṣe fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí a bá mọ̀ nípa aràn tí kò pa ẹnikẹ́ni lára lè kọ́ wa nípa èyí tó ń pani lára.

Iṣẹ́ àlùmọ́gàjí kò sì bẹ̀rẹ̀ níbi awọ. Láti inú ẹyin ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ àtíbàbà. Bí a bá fẹ́ ṣe ìnáwó, a ó pa àtíbàbà sójú títì, kò sẹ́ni tó máa bínú. Bí ìnáwó bá tán tí a kò tú u, ọ̀nà dí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹyin aràn. Pròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní OMA-1 ń bá ẹyin gbó. Kété tí ẹyin bá ti di ọmọ tó ń pín sí méjì, OMA-1 gbọ́dọ̀ di gígé kúrò. Bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, ọmọ inú ẹyin á bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà tó ń gbà fi àmì sí irú pròtéènì tí àkókò rẹ̀ ti tán, kó tó tì í sínú ẹ̀rọ tí yóò gé e wẹ́wẹ́. Ìmọ̀ nípa àmì náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́míkà ní 2004. Ẹ́ńsáìmù mìíràn tí wọ́n ń pè ní CPL-1 tún wà: nígbà tí wọ́n dí i lọ́wọ́ iṣẹ́, inú ẹyin ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ aràn náà kú sí. Òmíràn ló ń bá ọmọ aràn gé èèpo ẹyin kó lè jáde. Ọ̀kan sì wà, CED-3, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí kò wúlò mọ́ ló ń pa. Nínú sẹ́ẹ̀lì 1,090 tí aràn inú erùpẹ̀ yìí ń ní bó ti ń dàgbà, 131 gbọ́dọ̀ kú kí ó tó ku 959 tí àgbà ń lò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe kíkọ́ nìkan ni ìdàgbàsókè, títú náà wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà tún ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Aràn mọ òwe yìí. Ohun tó lè gé awọ lè gé ara olówó rẹ̀ bí ó bá já sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, aràn ní àkọ̀ tó ń fi ọ̀bẹ náà sí, ìyẹn pròtéènì mìíràn tó ń di ẹ́ńsáìmù lẹ́nu títí àkókò yóò fi tó. Ní 1992, Sara Lustigman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kọ nípa irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí lára aràn inárun. Ní 1996, wọ́n tún kọ nípa àlùmọ́gàjí kan tí ọmọ aràn náà nílò kó tó lè bọ́ awọ. Bí wọ́n bá fi kẹ́míkà dí irú àlùmọ́gàjí bẹ́ẹ̀ nínú ìgò, ọmọ aràn náà kò ní lè bọ́ awọ, kò sì ní lè dàgbà. Ibi tí ọ̀tá ti lágbára la ti rí ibi tó ti rọ̀. Ní wákàtí mélòó kan tí awọ ń tú lọ́wọ́, aràn wà láàárín aṣọ méjì.

Ọ̀nà kejì sì tún wà, òun ló jẹ́ kí a fò dìde lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ yẹn. Dípò kí a dí àlùmọ́gàjí aràn, ṣé a kò lè fi àlùmọ́gàjí ẹlòmíràn gé e láìròtẹ́lẹ̀? Ẹ ti rí ìyá yín tó bu ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sínú ìkòkò kí ẹran tó yi lè tètè rọ̀. Oje funfun inú ìbẹ́pẹ yẹn kún fún ẹ́ńsáìmù tó ń gé pròtéènì. Ohun tó ń rọ ẹran náà ló lè jẹ awọ aràn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nottingham ní Ìlú Ọba fi hàn láti 2004 síwájú pé ẹ́ńsáìmù inú ìbẹ́pẹ, inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti inú èso ọ̀pọ̀tọ́ ń tú awọ aràn títí aràn yóò fi bẹ́, nínú ìgò àti nínú ikùn eku. Nàìjíríà náà kò ṣófo. Ní 2007, àwọn dókítà ilẹ̀ wa kan kọ nípa ọmọ 60 tí aràn àti kòkòrò mìíràn wà nínú ìgbẹ́ wọn. Wọ́n fún 30 ní hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí wọ́n pò mọ́ oyin, wọ́n fún 30 ní oyin lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìgbẹ́ ọmọ 23 ti mọ́ nínú àwọn tó lo hóró, ọmọ 5 péré ni nínú àwọn tó lo oyin lásán. Agbára inú hóró yàtọ̀ sí ti inú oje o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé kan náà ni wọ́n ti wá.

A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ wa lọ máa mu oje ìbẹ́pẹ. Ohun tó ń jẹ awọ aràn lè jẹ ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn pẹ̀lú. Ẹni tí aràn bá ń dà láàmú, kó lọ gba oògùn aràn tí àwọn onímọ̀ ìlera ti fọwọ́ sí. Ohun tí à ń sọ ni pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ láàárín oje inú igi àti oògùn inú ike, ẹni tó mọ̀wé ló lè ṣe é.

Ẹni tó bá sì rò pé ẹ̀kọ́ aràn kì í sọ ènìyàn di ńlá, kó gbọ́ ìtàn méjì. Ní 1927, wọ́n bí ọmọ kan ní Germiston, ní South Africa. Bàbá rẹ̀ ń tún bàtà ṣe. Sydney Brenner lorúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tó wà ní Cambridge, ó yan aràn inú erùpẹ̀ tí kò ju mílímítà kan lọ pé òun ni òun ó fi mọ bí ẹranko ṣe ń dàgbà. Aràn yẹn náà ni a ti ń sọ nípa NAS-37 àti CED-3 rẹ̀ bọ̀. Ní 1998, òun ni ẹranko àkọ́kọ́ tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ní 2002, Brenner àti àwọn méjì mìíràn, John Sulston àti Robert Horvitz, gba ẹ̀bùn Nobel. Ìtàn kejì, ti ilé wa ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, ọmọ Yorùbá tó ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ darí ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún ìwádìí lórí àrùn ilẹ̀ olóoru, láti 1976 di 1986. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dán ivermectin wò lára ènìyàn, ní Dakar ní 1981. Ó re ibi àgbà ń rè ní 2020. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é ní Dókítà Aràn kó fi rẹ́rìn-ín.

A mọ̀ pé ẹ ó ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi dá wa lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ní ara ènìyàn náà ní àlùmọ́gàjí. Oògùn tó bá dí ti aràn yóò dí tiwa. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí iṣẹ́ náà kò fi tíì parí. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí tí NAS-37 ti wá, ènìyàn ní 6 péré, aràn inú erùpẹ̀ ní bí 40. Nínú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni olóògùn ti ń wá ojú ọ̀nà.

Ẹni kejì yóò ní kò sí iná, kò sí fíríìjì, ẹ́ńsáìmù kì í sì í dúró de jẹnẹrétọ̀. Òótọ́ ni èyí náà. Aràn Brenner pàápàá kò fẹ́ ooru wa. Bí ibi tó wà bá ti gbóná tó ìwọ̀n 27, kì í bímọ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni ti Brenner? Ẹ lọ sí odò ẹran ní òwúrọ̀, kí ẹ bẹ alápatà kó ṣí ikùn kẹrin ewúrẹ́ fún yín. Ẹ ó rí aràn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pupa àti funfun tó lọ́ pọ̀ bí okùn. Ojú lásán ni a fi ń rí i. Ìbẹ́pẹ sì wà lẹ́yìn ilé. Ẹ gbé kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ dání, ẹ wá omi iyọ̀, àwo pẹlẹbẹ àti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìṣẹ́jú mélòó ni oje ìbẹ́pẹ fi ń tú awọ aràn yìí? Ṣé ti ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n àti ti èyí tó ti ń pọ́n rí bákan náà? Kí ni ooru oṣù kẹta ń ṣe fún un? Pírójẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Kò jọ ti ẹni tó lọ da iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn kọ, tó kàn yí orúkọ ojú ìwé padà.

Ẹni kẹta yóò bi wá pé ṣé aràn yóò fún òun níṣẹ́. A kò ní tan yín. A kò rí ẹ̀kọ́ tó ń fi iṣẹ́ sọwọ́ ẹni lójú ẹsẹ̀ lóde òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ti mọ bí a ṣe ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn, ibi yòówù kó wà. Ẹni tó dà á kọ kò mọ ìkankan.

Ohun méjì la fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe. Àkọ́kọ́, kí a ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn yóò wá fi Yorùbá ṣàlàyé pírójẹ́ẹ̀tì wọn fún wa, yálà aràn ni, yálà òfin ni, yálà ìṣirò ni. Ẹni tí kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tó ń kọ́, bóyá kò tíì yé òun náà dáadáa. Àwa pẹ̀lú, ìgbà tí a wá ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí àti àtíbàbà ni ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa. Bí ìyá wa tó ń bọ̀ láti oko bá sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, yóò mọ ìdí tí a fi ní kó gba Mectizan rẹ̀ lọ́dún yìí, àti lọ́dún tó ń bọ̀, bí ara kò tilẹ̀ yún un mọ́.

Èkejì, kí a jáwọ́ nínú ẹ̀rín. Inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì wà. Bí a kò bá la obì, a kò ní rí i. Ẹni tí a ní kó bá wa là á, ṣé òun ló yẹ ká máa fi ṣẹ̀sín?

Ọ̀rẹ́ wa ṣì ń lọ sí odò ẹran lárààárọ̀ Sátidé pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Méjì nínú wa ti ń bá a gbé e báyìí. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀, Dókítà Aràn la ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n tí a bá pè é báyìí, ó ń dáhùn, inú rẹ̀ sì ń dùn. Kí Ẹlẹ́dàá jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yọrí sí rere, kó sì jẹ́ kí tiwa náà yọrí. Àṣẹ.